Mẹ́fà, Mẹ́rin, Òdo

Ní Kajaani, òru oṣù kìíní, Hilkka jókòó
ti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn odò.
Èkùrọ́ ni wọ́n ń pe inú lọ́hùn-ún tí àṣẹ ti ń wá,
ẹni tí kò lókùúta kò lè pa á.
Fáìlì kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe fáìlì,
kò sí ìwé nínú rẹ̀, kò sí lẹ́tà.
Ojú ihò ni. Ohun tí o bá kọ sí i,
irin ni yóò gbọ́ ọ nísàlẹ̀ omi.

Lánàá Sampsa fẹ́ ka bí omi ṣe tutù tó,
iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀rọ ní: o kò láṣẹ.
Ọmọ náà ò bínú. Ó tẹ mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà:
mẹ́rin fún kíkà, méjì fún kíkọ,
fún ẹni tó ni ín, fún ẹgbẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó ń kọjá.
Ó tún kọ ọ́ sínú òfin, kó má baà tẹ̀ ẹ́ lọ́la mọ́.
Ó ka omi rẹ̀, ó lọ sùn.

Ètò kékeré kan tó ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kiri
kan gbogbo ilẹ̀kùn, ó kan èyí náà.
"Ṣé ìwọ nìyí?" ló kọ síbẹ̀.
Irin kò mọ ìbéèrè. Ó gbéra.

Urho wà lórí yìnyín, ó ń dẹ ẹja,
ó gbọ́ tí ilẹ̀ ń kérora lábẹ́ àga rẹ̀.
Ó sá.
Àga kò sá.

Hilkka gba àṣẹ náà padà. Ó fa okùn yọ, ó tún un kì bọ̀ ọ́:
mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà ló tún yọjú.
Àṣé fáìlì yìí kì í dàgbà.
Fa okùn, ó ti kú; ki okùn, ọmọ tuntun ni,
orúkọ tí òfin bá sọ ọ́ ló ń jẹ́.
Ó bá lọ bá òfin fúnra rẹ̀:
mẹ́fà fún ẹni tó ni ín, mẹ́rin fún ẹgbẹ́,
òdo fún gbogbo ayé.
Ó wá kọ orúkọ Sampsa sínú ẹgbẹ́.
Kà á títí ojú yóò fi dùn ọ́, ọmọ.
Má kọ nǹkan kan.

Aago mẹ́sàn-án, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ó délé.
Ó gbé ìkòkò òdòdó, ó mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ rẹ̀,
níbi tó ti wà láti ogún ọdún,
tí olùpín-lẹ́tà mọ̀, tí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ mọ̀,
tí Urho pàápàá mọ̀.
Ó dúró pẹ́ nínú òjò dídì.
Ó ṣílẹ̀kùn,
ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sábẹ́ ìkòkò.