Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà, ní Kàbbà,
yàrá kan ṣoṣo tí a fi fóòmù àlòkù bo ògiri rẹ̀,
tí páálí ẹyin kún àjà rẹ̀ bí ilé agbọ́n.
Bí wẹ́dà bá ti tan iná, a ó dúró.
Bí ó bá gbé irin sílẹ̀, a ó sáré gba ohùn sílẹ̀
kí ó tó tún rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá Mẹ́dùpín kò kọ́ wa ní orin kankan.
Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ panu dé. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́."
Mo kọ ọ́ pé: kò sí nǹkan kan.
Ó kà á sókè kí gbogbo kíláàsì lè rẹ́rìn-ín,
ó ní kí n padà lọ jókòó:
ọmọńlé ń fa ìrù lẹ́yìn páálí,
fáànù ń há eyín rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan,
ikùn Ọbájẹmu ń bèèrè gààrì.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ohùn ní ìdí,
ó ní àárín, ó ní ṣóńṣó;
pé ẹsẹ̀ tó tẹ ewé àgbàdo gbígbẹ lè di òjò;
pé igbe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí a bá fà á gùn ní ìlọ́po mẹ́jọ,
a di ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá dé: ohùn ẹnìkan lẹ́nu iṣẹ́.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ògìdì, lábẹ́ àpáta,
níbi tí Ìyé Àgbà ti ń hunṣọ lórí òfì tó nàró.
"Òkun o," ó ní. "Kí lèyí tó hurun lórí bí ológbò?"
Mo ní etí ni.
"Tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó ti di?"
Ó gbé apásà lu òwú. Gbọ̀ọ́. Gbọ̀ọ́.
Ó ń sọ bí wọ́n ti ń ru kọfí bọ̀ láti oko nígbà ọmọge rẹ̀,
títí bátìrì fi kú síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn.

Agogo méjì òru ni iná ìjọba dé.
Mo fẹ́ fọ ohùn náà mọ́, kí ọ̀gá lè yìn mí.
Ẹ̀rọ ní: fi ariwo hàn mí, kí n mọ ohun tí n ó yọ.
Mo fi ìṣẹ́jú àáyá méjì hàn án,
èyí tó ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí mo pè ní òfìfo.
Ó gbọ́ràn bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
ó gbá gbogbo ilé, ó gbá ohun tí kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́ ọn.

Ohùn náà mọ́. Ó mọ́ bí àwo tí a kò tíì fi jẹun rí.
Ọ̀gá fún mi ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kò sọ nǹkan míì.

Sátidé, mo fi hẹ́dífóònù dé Ìyé Àgbà lórí gèlè.
Ó dijú. Ó gbọ́, ó gbọ́.
Ó yọ ọ́, ó ń yí i wò bí ẹni ń wo owó ayédèrú.
"Ohùn mi ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta nìyí tí kì í mí?"

Mo padà sí àáyá méjì yẹn, mo gbé fédà rẹ̀ dókè.
Èémí ni.
Èémí obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin
tó fẹ́ gbé apásà, tó kọ́kọ́ lọ bu agbára nísàlẹ̀ ikùn;
lẹ́yìn rẹ̀, àkùkọ kan lọ́nà jíjìn, tí mo ti pa láìmọ̀.

Mo nu èyí tó mọ́ nù.
Máàkì mẹ́jọ náà ṣì wà nínú ìwé mi, n kò dá a padà.
Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ẹnìkan bá jókòó síwájú mi láti sọ̀rọ̀,
mo máa ń tètè tẹ bọ́tìnnì,
nígbà tí wẹ́dà ń sinmi,
tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.