Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò, ní Adó.
Òjò ìrọ̀lẹ́ ti mú iná lọ,
mo tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rí,
mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Mojírayọ̀ ní, "Bàbá, ẹ yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu kẹ́ ẹ tó dáhùn."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni tíṣà mi.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì lè kan kílọ́ọ̀ṣì,
òun ló wá ń bi mí bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.

Àwọn tó ń ra pákó lọ́wọ́ wa ní Adó
ní àwọn ò gba awakọ̀ tí kò ní láísẹ́ńsì ọkọ̀ ńlá mọ́.
Èyí tí mo ní, ẹnì kan ló bá mi gbà á nígbà kan;
fọ́tò orí rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tèmi.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń gbé pákó kúrò l'Ẹ́fọ̀n.
Mo mọ kòtò ọ̀nà Aràmọkọ
bí ahọ́n ṣe mọ eyín tó ti kán.
Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń kí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ìwé ò béèrè rẹ̀.

Ìwé ní: kí ni àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa?
Mo ní: ewé.
Mojí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé táyà.
Ṣé kí n purọ́ ni? Bí lọ́rí bá kú sójú títì lóru,
ewé la máa ń já, tẹ̀ka-tẹ̀ka,
a ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹní,
ẹni tó ń bọ̀ á rí i, á rọra.
"Bàbá, kò sí ewé nínú ìdáhùn."
Ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: àmì ìkìlọ̀, àmì ìkìlọ̀.
Lẹ́tà mi tẹ̀ bí ẹni tó ru pákó tútù.

Nígbà tó yá, ó ka ìkẹtàdínlógún.
Bí bíréékì bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ni awakọ̀ yóò ṣe?
Ẹ̀kínní: kó fò bọ́ sílẹ̀.
Ẹ̀kejì: kó pa ẹ́ńjìnnì.
Ẹ̀kẹta: kó fa gíà wálẹ̀, kó tẹ hóònù, kó wá ibi tó ń gòkè.
"Èyí rọrùn," ni Mojí wí.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Fápohùndà lọ̀gá mi.
"A ó dé ulé," ló máa ń wí kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀.
Ọdún kẹta tí mo ń bá a di wẹ́ẹ̀jì,
òkè Ẹfọ̀n, òjò, igi ìrókò mẹ́fà lẹ́yìn wa.
Ó tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.
Ó fa gíà. Gíà ké.
Hóònù ń dún, ó ń dún,
àwọn ọmọ iléèwé ń rọ́ bọ̀ nísàlẹ̀ lábẹ́ ewé kókò.
Ó yíjú sí mi: "Fò! Bámidúró, fò!"
Inú oko kókò ni mo balẹ̀ sí.
Òun ò fò.
Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí àpáta.

Kò dé ulé.

"Bàbá? Èwo lẹ mú?"
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ̀kẹta.
Ó fi bírò pupa sàmì sí i pé mo gbà á,
ó fa igi gbọọrọ lé ẹ̀kínní: èyí ò dáa rárá.
Mo wo igi náà títí.
Ẹ̀kínní yẹn ni mo fi wà láyé, ìwọ ọmọ yìí,
òun ni mo fi bí ọ.
N kò sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà.

Kí n tó ṣí ojú ìwé kejì, ó ti sùn sínú kábù.
Ó so bẹ́líìtì mọ́ àyà,
torí ìbéèrè kẹjọ,
nínú lọ́rí tí kò tíì lọ síbì kankan.