Ẹ Gbé Ọwọ́ Sókè Bí Ẹ Bá Gbọ́

Nọ́ọ̀sì fi nǹkan dúdú méjì bò mí létí
nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ lára,
ó ní, "Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹ bá gbọ́."
Mo gbé e sókè.
Ó ní òun ò tíì tẹ nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọdé
pé ọdún kẹfà rèé tí nǹkan ti ń ho níbẹ̀, yeeee,
bíi kẹ́tùlù tí ẹni tó gbé e kaná
ti bá ọkọ̀ lọ?

Mo kọ́kọ́ pè é ní ìrẹ̀.
Mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀.
Sìfáwù ń wò mí, oorun ṣì wà lójú rẹ̀:
"Bàbá Mọ́rúfù, kí lẹ ń wá?"
"O ò gbọ́ ọ ni?"
Ó tẹ́tí. Ó tẹ́tí dáadáa, nítorí ó fẹ́ràn mi.
Ó ní ajá ilé Alájà Rìsì lòun ń gbọ́,
àti omi ọ̀sà.
Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan ni wọ́n rán an sí.

Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe
ní etí omi Ẹ̀pẹ́,
ẹlẹ́ṣin ogójì, ẹlẹ́ṣin márùndínlọ́gọ́rin.
Màá fa okùn, màá tẹ́tí sí àìsàn rẹ̀,
"Plọ́ọ̀gì ni," kí n tó tú bóòtù kan.
Títí dé Ẹ̀jìnrìn ni wọ́n mọ̀ mí: Mùtáírù Elétí.

Elétí!
Lónìí mo ń fi eyín di ìdí sikirudiráfà mú,
mo fi ẹnu rẹ̀ kan irin,
kí egungun bá mi gbọ́.
Jímọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan.
Ó kàn ń dárúkọ àìsàn ẹ́ńjìnnì sókè,
bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí gbogbo wa bá forí kanlẹ̀ ní mọ́sálásí,
nígbà tó yẹ kó pa rọ́rọ́,
ìgbà náà ló ń pariwo jù.
Mo gbàgbé iye tí mo ti kà.

Lóru, Sìfáwù a sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́,
èyí tí kì í ṣe fún ọmọ.
Mo ní, "Hẹ̀n?" Ó tún un sọ.
Mo ní, "Hẹ̀n?"
Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́.
Wọn ò sọ ti etí tó ń se yìnkìn fúnra rẹ̀,
tó ń bù ú, tó ń jẹ ẹ́, tí kì í yó.
Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnì kan ló ń dárúkọ mi níbì kan.
Ọdún mẹ́fà? Ẹni náà ò mí? Kò mumi?

Èyí tó dùn mí jù, mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́.
Bí mo bá fa okùn tí ẹ́ńjìnnì gbá,
ariwo rẹ̀ a bo tèmi bí aṣọ òtútù.
Ilé olè tó kó mi lẹ́rù
ni mo ń lọ sùn.

Dókítà ní kò sí abẹ́rẹ́ tó máa gé e.
Kí n máa di etí nídìí iṣẹ́, kí n má bá a jà,
kí n tan rédíò díẹ̀ lálẹ́ síbi tí kò ti sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀,
tó kàn ń ṣe ṣààà, bí òjò orí páànù ọ̀nà jíjìn.
Sìfáwù ló ń bá mi yí i.
Ó mọ ibẹ̀ nínú òkùnkùn:
lẹ́yìn oníròyìn, kó tó kan oníwàásù.

Lánàá ó yí i tán, ó sọ nǹkan kan.
Mi ò gbọ́.
Mo gbé ọwọ́ sókè.
Ó dì í mú.