Jímọ̀ Tó Ṣófo

Ẹgbàárin wákàtí ó lé òjìdínlẹ́gbẹ̀rin
ni ọdún kan, bí ẹ bá kà á bí mo ṣe ń kà á,
tọ̀sán-tòru, wákàtí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ooru tirẹ̀.
Mo jókòó ní Pàkátà, iná ti lọ,
kọ̀ǹpútà ń jẹ bátìrì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìwé Bàbá Múnírù ló wà níwájú mi,
ẹni tó ń ka ooru ní pápá ọkọ̀ òfuurufú
kí n tó hu eyín.
Ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ sósì bí àgbàdo lẹ́yìn ìjì.
Aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlélógún. Aago mẹ́ta ọ̀sán, méjìdínlógójì.
Nínú oṣù Mááṣì, Jímọ̀ kan ṣófo.
Wọ́n ní ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kú.
N kò lè fi àlàfo sílẹ̀; ẹ̀rọ kò mọ ọ̀fọ̀.
Mo mú Ọjọ́bọ̀, mo mú Sátidé, mo fi hun Jímọ̀,
bí a ti í so òwú òfì tó já.
Mo ní, Bàbá, ẹ má bínú.

Lẹ́yìn náà ni mò ń fi ooru kún ooru.
Kì í ṣe bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀:
òru ń gbà ju ọ̀sán lọ, ọyẹ́ ń kúrú,
òjò ọjọ́ mẹ́wàá ń ya lulẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo,
títí Mááṣì Bàbá Múnírù fi di Mááṣì
ọmọ tí a kò tíì bí.

Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí Òkèlele.
Yàrá mẹ́fà, òrùlé páànù, fèrèsé kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.
Mo da ọdún tí mo ṣe lé e lórí.
Aago méjì òru, yàrá kẹrin: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Mo rí abiyamọ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
ó ń fi káàdì ìwòsàn fẹ́ ọmọ ọjọ́ kan.

Ìyá mi tó ń mọ ìkòkò ní Dàda
kò ta ọ̀kankan rí láìfi ìka kàn án.
Bí ó bá ró kín-ín, ó di ti ọjà;
bí ó bá ró pò, adìẹ ni yóò máa mu omi nínú rẹ̀.
Iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń ṣe,
àfi pé ìkòkò tèmi kò tíì sí.

Mo kọ̀wé sí Ẹnjiníà Sàláwù:
ẹ yí ojú fèrèsé, ẹ gbé àjà sókè.
Ó fèsì: owó àjà ti tán.
Ṣé ó dá ọ lójú pé ooru yẹn máa dé?
Mo tẹ "n kò mọ̀". Mo pa á rẹ́.

Iná dé. Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.
Mo padà lọ wo Jímọ̀ tí mo hun,
nọ́ńbà tí mo fi sí aago mẹ́ta ọ̀sán:
mọ́kàndínlógójì.
Inú irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀.