Haruka ní Ìjẹmọ̀

Láti Jàpáànù ló ti wá kọ́ sákárà
lágboolé wa ní Abẹ́òkúta,
tòun ti ìwé, tòun ti gègé.
Baálé mi ní, "Gbé ìyẹn sílẹ̀.
Ìwé kò ní etí."

Ó gbé sákárà tí awọ rẹ̀ ṣì tutù fún un:
"Jókòó tì í kí oòrùn parí iṣẹ́ rẹ̀."
Ọjọ́ mẹ́ta.
Ọmọ ń ka ewúrẹ́ tó ń kọjá.

Ó wá lù ú, wàràwàrà, bí òjò orí páànù.
"Ta ló ń lé ọ?"

Lóṣù kẹta, iná lọ.
Mo gbọ́ ọ lódèdè: igi kan, ìka méjì,
ìdákẹ́ díẹ̀.
Mo rò pé baálé mi ni.
Mo nawọ́ sórí ẹní, ó wà níbẹ̀.
Ó ní, "Dákẹ́. Jẹ́ n gbọ́."