Àmì Ìdí Gẹdú

Taisto ni wọ́n sọ bàbá mi. Ní èdè ilé wa, ìjà ni.
Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, àfi odò Oulu
nígbà tí yìnyín bá yọ́, tí gẹdú ń ya bọ̀
bí agbo màlúù tó já okùn.
Ẹnu odò ni í dúró sí, lórí pákó tó ń mì,
ọ̀pá onírin lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ní ìdí igi:
àgbélébùú, ti Hannula; òbìrí méjì, ti Rautapää.
Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti tì í sọ́nà olówó rẹ̀.

Nísinsìnyí ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn.
Etí ayé ló kọ́kọ́ sọnù fún un,
lẹ́yìn náà ife kọfí tó wà lápá òsì,
lẹ́yìn náà Saima aládùúgbò, tó ń juwọ́ sí i.
Gílókómà. Wọ́n ní ìfúnpá ojú rẹ̀ ló ga.
Wọ́n fún un lóògùn ìkánsójú. Ìfúnpá wálẹ̀.
Òkùnkùn kò dúró.

Èmi ni mò ń bọ́ eku ní yàrá ìwádìí, àjà kejì.
Mo ti rí i: ojú eku tí a ni lára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀,
ìnira náà lọ, ṣùgbọ́n ibodè ti ṣí sílẹ̀,
àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ sì ti wọ
ibi tí a kì í jẹ́ kí wọ́n dé.
Wọn kò wá jalè. Àmì kan ni wọ́n ń wá,
èyí tí wọ́n kọ́ lára kòkòrò inú ìfun.
Sẹ́ẹ̀lì ojú, nígbà tí ara ni ín,
gbé àmì tó jọ ọ́ jáde.
Wọ́n ṣe iṣẹ́ tí a rán wọn.

Àwọn eku kan wà nínú àgọ́ ọ̀rá,
a sẹ́ afẹ́fẹ́ wọn, a se oúnjẹ wọn lẹ́ẹ̀mejì,
kòkòrò kankan kò fara kàn wọ́n rí.
Ìfúnpá ga lójú tiwọn náà. Okùn ìríran wọn kò já.
Ẹ̀ṣọ́ tí kò rí ọ̀tá rí, ta ni yóò ṣì pa?

Mo sọ ọ́ fún un ní alẹ́ Sátidé, nínú ooru sáúnà.
Mo ní, ilé ló ń pani, Bàbá; tòde kàn ṣílẹ̀kùn ni.
Ó bu omi sórí òkúta. Ó pẹ́ kó tó fọhùn.
"Ọdún tí a bí ọ, ní ìrọ̀lẹ́ kan, kùrukùru wà,
mo ti ogójì gẹdú Hannula sọ́dọ̀ Rautapää.
Ẹrẹ̀ bo apá kan àmì. Wọ́n ti là á sí pákó
kí n tó mọ̀. N kì í ṣe ọ̀tá Hannula.
Mo tọrọ àforíjì. Pákó kò padà di igi."

Lẹ́yìn náà: "Eku inú ọ̀rá yẹn,
ṣé ó mọ òórùn ilẹ̀?"
Mo ní rárá.
"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ bu odò yẹn mu."
Kò sọ bóyá yóò pààrọ̀ rẹ̀. N kò bi í.

Níta, lórí àkàsọ̀, mo kán oògùn. Ó bọ́ sí ìpéǹpéjú.
A tún un kán.
Ó na ọwọ́ sí igun ògiri, àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá
ìdí igi kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò síbẹ̀:
ìlà kan, ìlà kejì tó dábùú rẹ̀.
Ó fọwọ́ pa á, ó tún fọwọ́ pa á,
kó tó dárúkọ ẹni tó ni ín.