Gbèsè Ẹṣin Kan

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a.
Bí ẹlẹ́ṣin bá sọnù ńkọ́?
Gbèsè ni mo fi wá tèmi,
Orrin Tackett, bàbá ìyá ìyá mi.

Lórí tábìlì ìdáná mi ní Ọ̀háyò, tí yìnyín ń ta fèrèsé,
mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Jọ́jíà, mo fi agolo iyọ̀ tẹ etí rẹ̀.
Ogúnjọ́ oṣù kẹrin: ẹ wọ Mékọ̀nì.
"Ó wà," ni ìwé wí nípa rẹ. Ọ̀rọ̀ méjì péré.
Ogun ti ń tán lọ, ẹ ò tíì gbọ́;
ìròyìn ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀yin ń gẹṣin.

Lẹ́yìn náà, odindi ọjọ́ mọ́kànlá, kò sí nǹkan kan.
Akọ̀wé kò sọ pé o kú,
kò sọ pé o sá.
Ó fi àyè sílẹ̀ funfun báláú
bí ẹni bu oúnjẹ de àlejò.

Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún lo tún yọ.
Ẹsẹ̀ lo fi rìn dé.
Wọ́n yọ owó ẹṣin kan nínú owó oṣù rẹ:
"Ó sọ ọ́ nù."

Ìyá àgbà a máa ní o fi ta tẹ́tẹ́ ni.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní rárá, ọtí ni.
Èmi náà gba ti ọtí gbọ́ fún ọdún mẹ́fà,

àfi ìgbà tí mo dé ìletò kan létí odò Fúlíńtì,
tí Lemuel Askew, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀,
fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣí ìwé kan tí eku ti jẹ létí:
Hester Askew. Ọmọ mẹ́rin. Kò ní olówó mọ́.
Ẹṣin pupa kan, ojú òsì fọ́,
láti ọwọ́ sójà kan. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo tún tú ìwé rẹ yẹ̀ wò:
ẹṣin pupa, ojú òsì lọ nínú ìjà Sẹ́límà.
N kò lè búra.
Ẹṣin olójú kan pọ̀ lọ́dún náà bí eṣú.

Lemuel rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá àwọn àgbà
ẹ̀yìn ẹṣin olójú kan ló ti kọ́ ilẹ̀ títú,
ọ̀tún tó ríran ni ẹṣin náà máa ń fà sí,
nítorí náà, títí dòní, poro oko àwọn
kì í gún.

Mo bọ́ síta lọ wò ó.
Mo tọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń rìn, mo ń rìn,
mi ò mọ ìgbà tí mo yà sọ́tùn-ún.